Ìyá Ìsàmì Méjì fún Ojú Ìwé Kan

Ọkọ mi Fidencio kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Kì í mutí, kì í pariwo, tó bá sì ń fín àwòrán sára pákó, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ má rán an níṣẹ́ ẹnu. Tí ẹ bá ní kó lọ ra iyọ̀ wá, tó bá pàdé ẹni tó fún un ní kọfí lọ́nà, ṣúgà ni yóò gbé délé, yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Òun ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa San Ramón lọ́dún yẹn. Èmi náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ló pọ̀ jù.

Ìwé ni àwa méjèèjì ń ṣe, ìwé àwọn ọmọ ọwọ́, àwọn tí kò tíì mọ̀ pé ìwé kì í ṣe oúnjẹ. Orin kéékèèké ló máa ń wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà ń kọ sọ́mọ létí lédè Sípéènì tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́ tàbí tí wọ́n bá ń rẹ̀ ẹ́ kó sùn. Orin kan, àwòrán kan, ojú ìwé kan. Páálí tó nípọn la fi ń ṣe é. A máa ń gé igun rẹ̀ kó rí roboto kó má baà gún ọmọ lójú, lẹ́yìn náà a ó gbé e kalẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń gbé wá sí yàrá wa, níbi tí wọ́n ń kó kọfí pamọ́ sí láyé àtijọ́. Wọ́n á jẹ ẹ́ lẹ́nu, wọ́n á tutọ́ sí i, wọ́n á jókòó lé e. Èyí tó bá yè bọ́ lọ́wọ́ wọn la máa ń tẹ̀ jáde.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kò sí ìwé ọmọdé ní Xalapa, ìlú ńlá tó súnmọ́ wa, ni. Ó wà. Ọmọ tó wọ súẹ́tà onírun, tó ń fi yìnyín mọ ère, ló kún inú wọn, orin inú wọn sì dà bí ẹni pé akọ̀wé ìjọba ló kọ ọ́. Ní ìlú tiwa, ìkùukùu la mọ̀, òjò wíníwíní tí kì í dá láàárọ̀ la mọ̀, ẹrẹ̀ oko kọfí la mọ̀. Ọmọ wa tó bá ṣí ìwé, ó yẹ kó rí ohun tó lè na ìka sí. Ẹ gbọ́ èyí tí ìyá àgbà kan fún wa lọ́dún yẹn:

Ìgbín gòkè kọfí, ó gbé ilé rẹ̀ lẹ́yìn,
Òjò dé, ó wọlé, ó kí ara rẹ̀ káàbọ̀.

Gbogbo ọmọ tó gbọ́ ọ ló ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló sì jẹ ìgbín náà.

Ìwé ọdún yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ojú ìwé ìkẹyìn nìkan ló ṣófo, orin fífì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Orin náà kò ṣeé dá kọ. Obìnrin méjì ni yóò di ìborùn mú, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, ọmọ á dùbúlẹ̀ sí àárín, wọ́n á máa fì í lọ fì í bọ̀. Ọ̀kan á bèèrè, èkejì á dáhùn. Màmá Tomasa ló ń ṣe é pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ àgbà, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Doña Eufrasia àti àbúrò rẹ̀ Doña Candelaria. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ti lé lógún ọdún ní San Ramón tí wọn kò fì nínú ìborùn aró ìdílé yẹn. Wọ́n fì èmi náà. Mo ṣì rántí igi àjà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lókè orí mi.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo ìlú ló mọ bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ bó ṣe parí. Ọmọ tí wọ́n ń fì á ti sùn kó tó parí. Àwọn tó dúró tì wọ́n á sì panu mọ́ kó má baà jí, àwọn obìnrin méjèèjì á wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ ìyókù sí ara wọn. Mo bi bàbá mi, ó ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló kẹ́yìn orin náà. Mo bi àǹtí mi, ó ní rárá, Màríà Wúńdíá ni. Àwọn méjèèjì ń parọ́.

Àwọn tó mọ òpin rẹ̀ kò sì kí ara wọn mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí Màmá Tomasa kú, Doña Eufrasia fi ìborùn aró náà bò ó nínú pósí, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Àbúrò rẹ̀ wà ní Veracruz lọ́sẹ̀ yẹn, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń rọbí. Ìgbà tó máa fi dé, wọ́n ti kan pósí. Létí sàréè, lójú gbogbo wa, Doña Candelaria sọ pé, "O ti rì bẹ́ẹ̀dì gbogbo ọmọ ìlú yìí mọ́lẹ̀." Láti ọjọ́ náà, ilé wọn kọjú sí ara wọn ní òpópónà kan náà, wọn kò sì jọ sọ̀rọ̀. Wọn kò fì ọmọ kankan mọ́. Doña Candelaria ti wá ní ọmọ-ọmọ mìíràn, Jacinta, tí ọmọbìnrin rẹ̀ Maclovia bí, kò tíì pé ọdún kan. Àtọjọ́ tí wọ́n ti bí i, Doña Eufrasia kò gbé e rí. Fèrèsé ló ti máa ń wò ó. Gbogbo wa la mọ̀, a sì máa ń ṣe bí ẹni pé a kò rí i.

Lọ́dún yẹn la gbọ́ pé ọmọ Doña Eufrasia tó wà ní Tijuana ti ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ilé ti wà nílẹ̀ dè é. Tó bá ti di ọjọ́ kejì Ọjọ́ Àbẹ́là, àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, yóò wọ bọ́ọ̀sì. Tijuana kì í ṣe ibi tí àgbàlagbà ń lọ kó padà wá. Tó bá lọ, orin náà lọ nìyẹn, yóò sì lọ láì gbé ọmọ yẹn rí. Inú mi ń bàjẹ́ sí èyí ìkejì ju ti ojú ìwé mi lọ, ṣùgbọ́n ojú ìwé ni mo lè sọ̀rọ̀ lé lórí.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Doña Candelaria. Ó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, kò dá ọwọ́ dúró.

"Orin fífì lo wá gbà," ó ní. "Wọ́n ti sọ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Doña. Ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi ni mo máa ń bèèrè. Màá fún ẹ ní ìbéèrè, àyàfi èyí tó kẹ́yìn, a kì í sọ ìyẹn lásán. Ìdáhùn ò sí lọ́wọ́ mi."

"Doña Candelaria, ẹ mọ ìdáhùn. Àtikékeré lẹ ti ń gbọ́ ọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ohùn gbogbo ajá àdúgbò yìí náà, n kì í bá wọn gbó."

Mo kọjá sí òdìkejì ọ̀nà. Doña Eufrasia ń ṣa ẹ̀wà dúdú lórí àtẹ.

"Ṣé ó ti fún ẹ ní tiẹ̀?"

"Ó fún mi ní ìbéèrè."

"Ó máa fún ẹ. Ìbéèrè ò wọ́n lẹ́nu ẹ̀ rí." Ó ju òkúta kékeré kan nù. "Èmi, mo máa ń dáhùn ni. Ẹni tí wọn ò bi ní nǹkan kan, kí ló fẹ́ dáhùn?"

"Èmi á bi yín, Doña," mo ní, mo sì gbé ìbéèrè àkọ́kọ́ inú orin náà. "Ta ló ń bọ̀ lókè?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ kọ́," ó ní, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Mo délé, mo pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Orí kunkun méjì, inú ìyá kan. Ṣùgbọ́n èmi náà ní orí kunkun tèmi.

Ní ìlú wa, kò sí ohun tí kì í ní ìyá ìsàmì tàbí bàbá ìsàmì. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ rì bọmi ní, ìyẹn yé gbogbo ayé. Àmọ́ kéèkì ìgbéyàwó náà ní, bàtà ìyàwó ní, ọkọ̀ akẹ́rù tuntun ní. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ilé-ẹ̀kọ́ ní bàbá ìsàmì, ọkùnrin náà sì ń fi yangàn títí dòní. Ẹni tí a bá bẹ̀ yóò gbé nǹkan kan wá, àtọjọ́ náà ó ti di ara ilé. Bí àwa náà ṣe ń rí páálí àti yíǹkì nìyẹn, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìyá ìsàmì tirẹ̀. Mo wá rò ó pé tí mo bá bẹ Doña Eufrasia kó ṣe ìyá ìsàmì ojú ìwé ìkẹyìn, kò ní lè jẹ́ kó ṣófo. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ó gbà. Aṣọ tí a ó fi lẹ ẹ̀yìn ìwé ló ní òun máa mú wá.

Lọ́jọ́ Àìkú kan náà, mo rán Fidencio sí Doña Candelaria kó bẹ̀ ẹ́ fún ojú ìwé ìgbín, kó má baà dà bí ẹni pé a yọ ọ́ sílẹ̀. Mò ń gé àlùbọ́sà nígbà tó wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ti gbà," ó ní. "Ó tiẹ̀ sunkún."

"Kí ló pa á lẹ́kún nínú ọ̀rọ̀ ìgbín?"

"Ìgbín wo?"

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Fidencio, ojú ìwé wo lo bẹ̀ ẹ́ fún?"

"Ìkẹyìn. Ti orin fífì. Ṣebí orin wọn ni?"

"Ìgbín ni mo rán ẹ. Mo sọ ọ́ nígbà tó o ń wọ bàtà, mo tún sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà."

"Wọ́n fún mi ní kọfí," ó ní, bí ẹni pé ìyẹn ti tán ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi kún un pé, "Àti búrẹ́dì."

Mi ò ní sọ ohun tí mo sọ fún un. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kò ṣeé yí padà. Ẹni tí a bẹ̀ pé kó wá ṣe ìyá ìsàmì, tó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí a wá padà lọ sọ fún pé àṣìṣe ni, àbùkù gbáà ni, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ á máa rántí. Ojú ìwé kan ti wá ní ìyá ìsàmì méjì, tí wọn kì í kí ara wọn.

Fidencio ló tún sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀wà. "Àbí wọn ò ti wá di komadre báyìí?"

Ó yà mí lẹ́nu pé mi ò tíì rò ó. Òtítọ́ ni. Àwọn tó bá jọ ṣe ìyá ìsàmì ohun kan náà, komadre ni wọ́n ń pe ara wọn títí wọ́n á fi kú, komadre kì í sì í kọjá komadre láì kí i. Ọmọ ìyá ẹni, èèyàn lè bá a jà. Ta ní ń yàn án? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ìkíni komadre rẹ̀ ní San Ramón, wọn kò ní fi ọmọ lé e lọ́wọ́ mọ́ láé. Bàbá mi àgbà ní komadre kan tó jí tòlótòló rẹ̀, ó ń kí i lójoojúmọ́.

Mo lọ sọ fún Doña Eufrasia pé ẹni kejì ti wà. Ó béèrè ta ni. Mo sọ fún un.

"Ṣé ọkọ ẹ ló ṣe é?"

"Òun ni, Doña."

"Mo mọ̀. Ojú ẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀."

"Tí ẹ bá fẹ́ yọwọ́, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí."

"Èmi yọwọ́? Kó lè máa sọ káàkiri pé mo sá fún òun? Mo ti gbà, mo gbà náà nìyẹn."

Ní òdìkejì ọ̀nà, Doña Candelaria sọ ohun kan náà, ó kàn sọ tirẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè kọjá ọ̀nà.

Ọjọ́ Àbẹ́là pé. Láàárọ̀, gbogbo ilé gbé ère Jésù Ọmọ Jòjòló wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n rọ́ wá sí yàrá wa. Àwọn tó bá ọmọláńgidi nínú búrẹ́dì Ọjọ́ Àwọn Ọba lóṣù tó kọjá, tí sísè tamal, àgbàdo lílọ̀ tí a wé sínú háhá, sì ti tipa bẹ́ẹ̀ di tiwọn, gbé ìkòkò wọn dé. Ooru gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn ọmọ ọwọ́ wà lórí ẹní, wọ́n ń fa háhá àgbàdo ya. Mo gbé ìwé náà sórí tábìlì, ẹyọ kan ṣoṣo tí a ti parí dé ibi tó lè parí dé, ojú ìwé ìkẹyìn rẹ̀ funfun báláú.

Doña Eufrasia wọlé. Doña Candelaria ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ó gbé Jacinta sórí itan.

"Ẹ káàárọ̀, komadre," ni Doña Eufrasia sọ. Ògiri ló ń wò.

"Ẹ káàárọ̀, komadre," ni èkejì dáhùn. Tamal ló ń wò.

A mí kanlẹ̀. Mo rò pé ó tán síbẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Don Abundio, tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ò ní fì í ni? Ní Kérésì, àwọn ìyá ìsàmì Ọmọ Jòjòló ló fi aṣọ fì í kí wọ́n tó tẹ́ ẹ. Ìwé tó ní ìyá ìsàmì méjì tí wọn ò fì, ìwé kí nìyẹn?"

Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé òótọ́ ni, ẹ fì í, ẹ fì í. Aṣọ tí Doña Eufrasia mú wá, a ti gé e lẹ ẹ̀yìn ìwé. Ló bá tú ìborùn eléérú tó wà léjìká rẹ̀, èyí tó fi ń lọ ọjà lójoojúmọ́, ó na etí rẹ̀ kan síwájú láì wo ẹnikẹ́ni.

Doña Candelaria kọjú sí mi. "Tencha, sọ fún un pé ìyẹn kọ́ ni aṣọ tí wọ́n fi ń fì."

"Sọ fún un pé aṣọ tó ń wá wà lára ìyá wa," ni Doña Eufrasia sọ, èmi náà ló kọjú sí.

"Sọ fún un pé mo mọ̀."

Gbogbo bí wọ́n ṣe ti rán mi kiri láti ìgbà òjò wá ru sókè nínú mi. "Ẹ bá ara yín sọ ọ́," mo ní. "Ẹnu mi kì í ṣe tẹlifóònù. Komadre kì í rán ẹlòmíràn sí komadre."

Doña Eufrasia wá yíjú sí àbúrò rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Òtútù ló ń mú un, Candelaria. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, mo sun igi, òtútù ṣì ń mú un. Ìborùn yẹn nìkan ló ní ó móoru. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n bọ́ ọ lára òun. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"O bú mi létí sàréè kí n tó la ẹnu. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń dúró kó o bi mí."

Doña Candelaria jókòó síbẹ̀, ó ń fi ìka tẹ́ kọ́là Jacinta tí kò ká. Kò tọrọ àforíjì. Kì í ṣe irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọmọ náà fún Maclovia, ó dìde, ó gba etí ìborùn kejì, ó wé e mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ìyá wọn ṣe máa ń ṣe. Mo gbé ìwé lé àárín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fì í.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó rí bí ìgbà tí èèyàn méjì tó ń bínú ń gbọn ẹní. Lẹ́yìn náà apá wọn rántí. Mo rí i ní èjìká wọn bó ṣe dé, tí ìborùn náà ń lọ tó ń bọ̀ láì sáré, láì fà. Ìgbà náà ni ọmọ kan dá sí i. Jacinta rí ìwé ìgbín rẹ̀, èyí tó ti ń jẹ láti oṣù méjì, tó ń fò lọ fò bọ̀, ó sì figbe bọnu. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ta ìyá rẹ̀ nípàá láyà. Maclovia wo ìyá rẹ̀, ó wo Doña Eufrasia. Nígbà tí ìborùn bọ̀ nísàlẹ̀, ó rọra tẹ́ ọmọ náà sórí ìwé.

Kò sí èyí tó dá fífì dúró nínú wọn. Ìwúwo ọmọ mú kí wọ́n súnmọ́ ara wọn díẹ̀. Doña Candelaria la ẹnu.

"Ta ló ń bọ̀ lókè?"

"Ìkùukùu ni."

"Ta ló ń bọ̀ nísàlẹ̀?"

"Omi odò ni."

"Kí ni wọ́n ń wá?"

"Ẹni tí wọ́n máa fì."

Ibi tí ìlú mọ̀ dé nìyẹn. Gbogbo yàrá panu mọ́, àgbà àti ọmọdé, bí a ṣe ti ń panu mọ́ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Mo rántí pé èmi gan-an ni mo nílò ìyókù. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rá wọ abẹ́ ìborùn, mo na etí. Ojú kò tì mí.

"Ta ló wà láàárín?" Ohùn Doña Candelaria ti di ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ọmọ kan ni."

"Ọmọ ta ni?"

Apá Doña Eufrasia ń fì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Ó ń wo ojú Jacinta láti òkè, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ tó wò ó súnmọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ìborùn lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé yóò fi í sílẹ̀ báyìí, yóò lọ di ẹrù rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Doña Candelaria sọ, "mo bi yín. Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ wa ni," ni Doña Eufrasia sọ. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ sórí mi lábẹ́ ìborùn. "Ọmọ wa ni."

Jacinta kò sùn. Igun ojú ìwé ìgbín ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìkùukùu bo ibùdókọ̀. Mo ti rò pé bóyá kò ní lọ mọ́, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó bá ti di ẹrù, ó ti di í. Doña Candelaria wá pẹ̀lú tamal tí ó fi aṣọ wé, Jacinta wà ní èjìká rẹ̀. Fidencio gbé àpótí. Doña Eufrasia tún tú ìborùn eléérú náà, ó fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Òtútù máa mú yín lọ́nà, komadre."

"Mo ní súẹ́tà. Ẹ gbà á. Ẹ má jẹ́ kí n máa bẹ̀ yín níta."

"Kí ni kí n fi ṣe? Èèyàn kan kì í fì ọmọ. Ta ló máa di apá kejì mú?"

Doña Eufrasia fi àgbọ̀n nà sí mi. "Èyí. Ó rá wọ abẹ́ aṣọ bí adìẹ, ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀."

Mo fẹ́ sọ pé nítorí ìwé ni. Doña Eufrasia gbé Jacinta mọ́ra, ó gbóòórùn orí rẹ̀ pẹ́, ó dá a padà, ó gun bọ́ọ̀sì, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Doña Candelaria kò dúró. Lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, láàárín àpò kọfí àti àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ Xalapa, ó na etí ìborùn kan sí mi.

"Dì í mú dáadáa. Wé e lẹ́ẹ̀mejì."

A tẹ́ Jacinta sí i, a sì bẹ̀rẹ̀. Mo dáhùn èyí àkọ́kọ́, mo dáhùn èkejì. Bọ́ọ̀sì ti ń ru èéfín. A dé ibi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ọmọ ta ni?" ni Doña Candelaria béèrè.

Mo ti ya ẹnu. Fèrèsé bọ́ọ̀sì ló ṣí, Doña Eufrasia yọ orí síta tòun ti irun funfun rẹ̀, bọ́ọ̀sì sì ti ń yí lọ.

"Ọmọ wa ni!"

Gbogbo ibùdókọ̀ gbọ́ ọ, títí kan awakọ̀. Orin tí a ti ń parí ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti ìgbà ìyá Màmá Tomasa, ó ti wá bọ́ sí etí gbogbo ayé. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ Xalapa rẹ́rìn-ín, obìnrin kan nínú wọn ń nu ojú. Àwa méjèèjì ń fì ọmọ títí bọ́ọ̀sì fi wọnú ìkùukùu.

Nígbà tí Fidencio fẹ́ fín ojú ìwé ìkẹyìn, àwòrán ọwọ́ mẹ́rin, ìborùn kan, àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, ó pè mí. A ti jọ pinnu tẹ́lẹ̀ pé lẹ́tà tíńtín ni a ó fi kọ ìlà tó parí orin náà, nítorí pé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́.

"Ṣé kékeré náà ni?" ó ní.

Mo ní kó fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán.